Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Dáìsì àti Àgbàdo Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Báyọ́lọ́jì ní Àwòṣe Oníṣirò

Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ń bi mí jù lọ nìyí: báwo ni a ṣe lè mú ìṣirò wọ inú ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tàbí ọdún kejì ní yunifásítì, nígbà tí wọ́n kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́, tí kọ̀ǹpútà kò kárí, tí iná sì lè lọ nígbàkúùgbà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ ní gbangba pé torí kí àwọn lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò ni àwọn ṣe yan báyọ́lọ́jì? Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ má fi fọ́múlà bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn ka nǹkan, kí wọ́n jiyàn lórí ohun tí wọ́n kà, kí wọ́n fúnra wọn kọ fọ́múlà náà (òun là ń pè ní àwòṣe oníṣirò), kí wọ́n sì wá ibi tí fọ́múlà kò ti bá ohun tí wọ́n rí mu. Ibi tí kò ti bá a mu yẹn ni báyọ́lọ́jì fara pa mọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú eré ọmọdé wo ọ̀nà yìí. Ní ọdún 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 225 jọ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì, wọ́n sì rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́ nìkan wà nínú ewu àtifìdí-rẹmi ní ìlọ́po 1.5 ju ẹni tí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì lọ. Àlàyé tó kù nínú ìwé yìí dá lórí bí a ṣe ń ṣe é. Mo mú ẹ̀kọ́ oníwákàtí méjì kan ṣoṣo, mo sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ẹni tó bá ti ṣe ọ̀kan yìí dáadáa lè fúnra rẹ̀ gbé òmíràn kalẹ̀.

Orí ojúoró ni ẹ̀kọ́ náà dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà wúre pé ojúoró ní í lékè omi kò wọ́pọ̀ láàárín wa, àwọn tí kì í sì í ṣe Yorùbá nínú kíláàsì ti rí ewéko tó ń bo ojú omi rí, yálà ní ọ̀sà Àjàṣẹ́ tàbí ní odò ìlú wọn. Ewéko náà ń bí ọmọ láti ara ìtàkùn rẹ̀, àyè ojú omi sì lópin. Ohun méjì yìí tó fún wa.

## Ohun tí ẹ ó pèsè

Fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin kọ̀ọ̀kan:

- Bébà kan tí a fa ìlà sí, tó ní àpótí 6 ní ìbú àti 6 ní òró, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 36. Ẹ kọ nọ́ńbà 1 sí 6 sí etí rẹ̀ lókè àti sí ẹ̀gbẹ́.
- Dáìsì lúdò méjì tí àwọ̀ wọn kò jọra: ọ̀kan fún ìbú, èkejì fún òró.
- Ẹyọ àgbàdo 40.
- Ojú ìwé kan fún gíráàfù, àti pẹ́ńsù.

Fún ẹ̀yin fúnra yín: pátákó, aago, àti ìwé kékeré tí ẹ ti kọ àwọn nọ́ńbà tí mo tò sísàlẹ̀ sí.

Bí dáìsì méjèèjì bá ní àwọ̀ kan náà, kí wọ́n máa jù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé 3 àti 5 kì í ṣe àpótí kan náà pẹ̀lú 5 àti 3. Bí dáìsì kò bá sí rárá, ẹ kọ 1 dé 36 sórí àwọn àpótí náà, ẹ tún kọ ọ́ sórí bébà kéékèèké, ẹ kó bébà sínú igbá, kí wọ́n sì máa fà á. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fa bébà kan dá a padà sínú igbá kó sì pò ó pọ̀ kó tó fa òmíràn. Ẹgbẹ́ tí kò bá dá a padà kò ní í bá àpótí tó ti kún pàdé láéláé, ojúoró wọn á sì máa di ìlọ́po méjì títí bébà fi máa tán, bẹ́ẹ̀ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n rí kọ́ nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ ẹ̀kọ́ náà

1. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kí ẹ tó sọ ohunkóhun (ìṣẹ́jú 5). Ẹ kọ ọ́ sí pátákó: «Ojúoró inú adágún kan ń di ìlọ́po méjì ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ó bo gbogbo adágún náà. Ọ̀sẹ̀ wo ni ó bo ìdajì rẹ̀?» Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èkejì ni ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ̀kẹta ni ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ẹ̀kẹrin ni pé a kò lè mọ̀. Kí oníkálukú dá ronú kó sì kọ nọ́ńbà ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka dìbò. Bí ẹ bá ti ka ẹẹ́ta, kí gbogbo wọn gbé ìka kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú àyà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ pé síwájú àyà kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà wo ìka ẹni tó wà níwájú kó sì tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ ọ̀tún ni. Èyí máa ń yọ àwọn tí ilé kọ́ dáadáa kúrò nínú ìtìjú nína ọwọ́ òsì sí olùkọ́. Ẹ fojú ka iye wọn, ẹ kọ ọ́ sí pátákó, ẹ má sọ ìdáhùn tó tọ́.

3. Ìjíròrò pẹ̀lú ẹni ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà ìbò kejì (ìṣẹ́jú 5). Òfin tí àwọn tó ń lo ọ̀nà ìbò yìí ń tẹ̀ lé, láti ìgbà tí Eric Mazur, olùkọ́ físíìsì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní yunifásítì Harvard ní ọdún 1991, ni pé bí àwọn tó mú ìdáhùn tó tọ́ bá wà láàárín nǹkan bí 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjíròrò láàárín ara wọn á sèso. Bí wọ́n bá kéré sí ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ là á yé wọn díẹ̀. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ìdáhùn tó bá ìṣirò mu níhìn-ín ni ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ẹ sì fi kún un pé: «Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ojúoró ṣe ń ṣe lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká wò ó.»

4. Pípín iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ (ìṣẹ́jú 5). Ẹnì kan ń ju dáìsì, ẹnì kan ń fi àgbàdo sípò, ẹnì kan ń kọ iye sílẹ̀, ẹnì kan yóò bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ níta. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí ni kó jẹ́ agbẹnusọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí: bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn àbúrò á sì mi orí, kódà bí ẹ̀gbọ́n bá ṣi ìṣirò ṣe. Bí olùkọ́ bá ti yan iṣẹ́ fún olúkúlùkù, kò sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ náà ṣàfojúdi.

5. Ẹ ka òfin eré fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

- Ẹyọ àgbàdo kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdì ojúoró kan. Ẹ fi dáìsì yan àpótí fún méjì àkọ́kọ́. Ìran òdo nìyẹn.
- Ní ìran kọ̀ọ̀kan, ìdì tó bá wà lórí bébà nígbà tí ìran náà bẹ̀rẹ̀ ń bí ọmọ kan péré. Bí ìdì bá jẹ́ méje, ẹ ó ju dáìsì méjèèjì lẹ́ẹ̀méje.
- Bí ọmọ bá bọ́ sí àpótí tó ṣófo, ó yè, ẹ fi àgbàdo síbẹ̀. Bó bá bọ́ sí àpótí tó ti kún, yálà ìyá ló wà níbẹ̀ tàbí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nínú ìran yìí kan náà, ó kú.
- Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò gbọdọ̀ bímọ títí di ìran tó tẹ̀ lé e.

Òfin ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ iye ìdì sílẹ̀ kí wọ́n tó ju dáìsì ìran tuntun, kó sì máa fi àmì sílẹ̀ fún ìjù kọ̀ọ̀kan.

6. Kí oníkálukú ya ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ (ìṣẹ́jú 3). Ìran 0 sí 6 ní ìbú, iye ìdì ní òró. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àbá kalẹ̀ á wo èsì tó bá jáde, á sì sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni ẹ ó sábà rí nínú ìwé wọn: èyí tó gùn lọ tààrà, èyí tó ń ga sókè láìdúró, àti èyí tó rí bíi lẹ́tà S. Ẹ má ṣe yin ẹnikẹ́ni.

7. Eré (ìṣẹ́jú 30). Gbogbo ìjù dáìsì láti ìran 0 dé ìran 6 máa ń tó nǹkan bí 70 fún ẹgbẹ́ kan, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fàkókò ṣòfò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rìn káàkiri. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú òfin, ẹ tọ́ ọ sọ́nà, bí wọ́n bá béèrè pé «Ọ̀gá, ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?», ẹ dá wọn lóhùn pé ohun tí dáìsì bá sọ ni kí wọ́n kọ.

8. Ẹ kó nọ́ńbà gbogbo ẹgbẹ́ sójú pátákó (ìṣẹ́jú 10). Àwọn agbẹnusọ ń pè é, ẹ̀yin ń kọ ọ́: ìran ní ìbú, ẹgbẹ́ ní òró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí ẹgbẹ́ méjì tí nọ́ńbà wọn jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kan náà ni gbogbo wọn tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣírò ìpíndọ́gba fún ìran kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan lè wà ní 15 ní ìran kẹrin kí òmíràn wà ní 22. Ẹ má pa èyí tó yàtọ̀ rẹ́, ẹ má sì sọ pé wọ́n ṣe é ní àṣìṣe àyàfi tí ẹ bá fojú ara yín rí i.

9. Láti nọ́ńbà dé fọ́múlà (ìṣẹ́jú 20). Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń já ẹ̀kọ́ náà gbà padà tí wọ́n á sì kọ fọ́múlà fúnra wọn. Ẹ ṣe sùúrù. Ìbéèrè mẹ́rin ni ẹ ó bi wọ́n, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ ìdáhùn tirẹ̀ kí ẹ tó lọ síwájú:

- Bí ìdì bá jẹ́ N, ọmọ mélòó ni a ó bí nínú ìran kan? N ni.
- Nínú àpótí 36, mélòó ló ṣófo? 36 − N ni.
- Kí ni ìpín àǹfààní tí ọmọ kan ní láti bọ́ sí àpótí tó ṣófo? (36 − N) ÷ 36, tó jẹ́ 1 − N/36.
- Nítorí náà, ọmọ mélòó la retí pé kó yè? N × (1 − N/36).

Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, àwọn fúnra wọn á sọ ọ́: N tuntun = N + N(1 − N/36). Ìgbà yìí ni kí ẹ tó sọ fún wọn pé a lè fi K dípò 36, kí K jẹ́ iye tí àyè lè gbà, a sì lè fi r síwájú N kejì fún ìwọ̀n ìbísí, èyí tó jẹ́ 1 nínú eré wa nítorí pé ìdì kan ń bí ọmọ kan. Ẹ lè fi gbólóhùn kan kún un pé Verhulst, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó kọ́kọ́ gbé irú ìṣirò yìí jáde ní ọdún 1838, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ.

10. Ẹ fi fọ́múlà wé ohun tí wọ́n kà (ìṣẹ́jú 25). Kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù wọn ṣe é láti 2 lọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n rí nìyí:

- Ìran 0: 2
- Ìran 1: 3.9
- Ìran 2: 7.4
- Ìran 3: 13.2
- Ìran 4: 21.6
- Ìran 5: 30.2
- Ìran 6: 35.1

Ẹ fi ìlà yìí sórí gíráàfù kan náà pẹ̀lú ìpíndọ́gba kíláàsì. Ìlà méjèèjì rí bíi S, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n láti àárín lọ, ti dáìsì máa ń wà nísàlẹ̀: nǹkan bí 19 ní ìran kẹrin dípò 21.6, nǹkan bí 26 ní ìran karùn-ún dípò 30.2. Bí ẹgbẹ́ tó pọ̀ bá ṣe é, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti èèṣì. Ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á, kí ẹ sì panu mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ẹnì kan yóò ríran rí i pé fọ́múlà wa ka àpótí tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ ìran, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú nínú ìran náà ti gba àyè mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Fọ́múlà gbàgbé pé ọmọ ìran kan náà ń bá ara wọn díje.

11. Ẹ padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́ (ìṣẹ́jú 10). Nínú eré wa, ìdajì bébà jẹ́ 18. Ìran mélòó ló gbà kó tó kúrò ní ìdajì kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún? Kì í ṣe ọ̀kan. Ìdáhùn ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tọ̀nà bí ìlọ́po méjì kò bá dúró láéláé, ojú omi kò sì gba ìyẹn láyè. Kí wọ́n wá sọ ohun tí àwòṣe wa kò tíì kà mọ́ ọn. Ẹ ó gbọ́ pé ojúoró máa ń kú, pé ọmọ kì í fò lọ jìnnà sí ìyá rẹ̀ bí dáìsì ṣe ń gbé e, pé àwọn apẹja máa ń kó o kúrò. Àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ lè fi kún un pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà tí iyọ̀ rẹ̀ sì pọ̀, ewéko orí omi máa ń kú, tó bá sì di ìgbà tí odò Ouémé bá kún, omi dídùn á lé iyọ̀ jáde, ewéko á sì padà wá. Ìyẹn ni pé r àti K kì í dúró sójú kan yípo ọdún. Ẹni tó bá sọ èyí ti kọjá ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ ọdún kìíní ń béèrè.

12. Bébà ìjáde (ìṣẹ́jú 5). Kí oníkálukú kọ gbólóhùn méjì kó tó jáde: ohun kan tí fọ́múlà náà sọ ní òótọ́, àti ohun kan tí kò mọ̀. Ẹ kà wọ́n lálẹ́. Wọn kò nílò máàkì.

## Bí gbọ̀ngàn bá kún ju bó ṣe yẹ lọ

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá tó igba, ẹ má gbìyànjú láti tú àga ká, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn, wọ́n ti so ó mọ́lẹ̀. Kí àwọn tó wà ní ìlà kìíní yí ojú padà sí ìlà kejì, ìlà kẹta sí ìkẹrin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlẹ́ni mẹ́rin á sì jáde láìsí ariwo. Ẹ má gbà kí ẹgbẹ́ kan ju márùn-ún lọ. Nínú ẹlẹ́ni mẹ́jọ, mẹ́ta ń ṣiṣẹ́, márùn-ún ń wo fóònù.

Bí wákàtí TD (travaux dirigés, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìdánrawò fún ẹgbẹ́ kéékèèké) bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀kọ́ gbogbogbòò, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé eré náà lọ, kí ẹ fi ìbéèrè ìka àti gíráàfù sílẹ̀ fún gbọ̀ngàn ńlá. Bó bá sì jẹ́ pé wákàtí kan péré lẹ ní, ẹ dúró ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, kí ẹ gbé ìkẹsàn-án lọ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe sáré fọ́múlà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn.

## Èdè wo ni kí wọ́n fi jíròrò?

Faransé ni èdè ìdánwò, nítorí náà Faransé ni kí wọ́n fi kọ ohun tó bá wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè tí wọ́n fi ń ronú jiyàn. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá, Gùn àti Fọ̀n nínú gbọ̀ngàn kan náà ní Àjàṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu sì ń wá láti ẹkùn gbogbo ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní: kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ tí kò gbọ́ èdè àwọn mẹ́ta yòókù. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Faransé ni kí ẹgbẹ́ náà sọ.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Sísọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń jíròrò ni ó burú jù. Olùkọ́ tó ti fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, tó sì fi ìṣẹ́jú méjì nínú rẹ̀ ṣàlàyé, kò fún wọn ní nǹkan kan. Àṣìṣe kejì ni kíkọ fọ́múlà sí pátákó kí eré tó bẹ̀rẹ̀ «kí ó lè yé wọn». Kò ní í yé wọn. Wọ́n á dà á kọ, dáìsì á sì di iṣẹ́ àṣekún.

Ẹ̀kẹta ni dídúró lórí ìyìn. Bí wọ́n bá ti rí i pé èsì wọn jọ S, inú gbogbo ènìyàn á dùn, ẹ̀kọ́ á sì fẹ́ parí síbẹ̀. Mo ti rí ètò ẹ̀kọ́ tó parí báyìí, lójú tèmi, ìdajì iṣẹ́ ni. Àwòṣe tí kò sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó fi sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí àkọ́sórí.

Ẹ tún múra sílẹ̀ fún ìráhùn. Ìwádìí kan tí Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Harvard, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì kọ́ ẹ̀kọ́ ju àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu olùkọ́ lọ, síbẹ̀ wọ́n rò pé àwọn kọ́ kéré sí i. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé «Ọ̀gá, ẹ kò kọ́ wa ní nǹkan lónìí», ẹ má bínú, ẹ má sì padà sí pípe ìwé fún wọn kọ. Ẹ fi èsì yìí hàn wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n mọ̀ pé ìnira orí kì í ṣe àmì pé ẹ̀kọ́ kò wọlé.

## Bí kọ̀ǹpútà bá wà

Ẹ ṣe eré náà lọ́wọ́ ná. Lẹ́yìn náà, nínú Excel tàbí LibreOffice Calc, ẹ kọ 2 sí A1, ẹ kọ r sí D1 àti K sí D2, ẹ wá kọ èyí sí A2, kí ẹ sì fà á wá sísàlẹ̀:

=A1+$D$1*A1*(1-A1/$D$2)

Kọ̀ǹpútà púpọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ṣètò sí Faransé, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń wá. Kọ́mà ni ó ń gbà fún ìdá, kì í ṣe àmì ìdánudúró: ẹ kọ 0,5. Bí ẹ bá kọ 0.5, ó lè kà á sí ọ̀rọ̀ lásán dípò nọ́ńbà, ìṣirò kò sì ní í jáde. Ìpíndọ́gba ń jẹ́ MOYENNE níbẹ̀, iṣẹ́ dáìsì sì ń jẹ́ ALEA.ENTRE.BORNES(1;6), pẹ̀lú àmì ; láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Ẹni tó bá wo fídíò Gẹ̀ẹ́sì kan tó sì dà á kọ bó ṣe rí á rí àṣìṣe, kò sì ní í mọ ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí r padà: 0,5, lẹ́yìn náà 1, lẹ́yìn náà 2,3. Ní 2,3, iye ojúoró kò ní í dúró jẹ́ẹ́ mọ́, á máa fò sókè sódò láàárín nọ́ńbà méjì, ọ̀kan lókè K, èkejì nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí r bá lé ní nǹkan bí 2,6, ẹ kò ní í lè sọ ibi tó ń lọ mọ́ pẹ̀lú ojú lásán. Robert May ló pe àkíyèsí àwọn onímọ̀ sí irú ìṣesí yìí ní 1976. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sá fún ìṣirò, èyí ni ibi tí mo ti sábà ń rí i kó fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe àyípadà méjì lórí bébà. Fún r tó jẹ́ ìdajì, kí ìdì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ ju owó ẹyọ, orí ni yóò bímọ. Fún ọmọ tí kò lè jìnnà sí ìyá, kí wọ́n ju dáìsì kan fún ìdì kọ̀ọ̀kan: 1 lọ sókè, 2 sísàlẹ̀, 3 sí òsì, 4 sí ọ̀tún, 5 àti 6 kí wọ́n tún jù, ọmọ tó bá jáde kúrò lórí bébà ti kú. Ìdàgbàsókè á lọ́ra gan-an, torí pé àwọn tó wà láàárín kò ráyè mọ́, etí nìkan ló ń tàn.

## Ẹ̀kọ́ méjì mìíràn tí ẹ lè fi ọ̀nà yìí ṣe

Kíka ẹja inú adágún láìkó wọn jáde. Ẹ bu ẹ̀wà funfun nǹkan bí 300 sínú abọ́, ẹ má sọ iye rẹ̀. Kí wọ́n mú 40 jáde, kí wọ́n fi 40 ẹ̀wà pupa rọ́pò rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹja tí a ti sàmì sí. Ẹ pò ó, kí wọ́n dijú bu 50. Bí pupa bá jẹ́ 7 nínú rẹ̀, iye gbogbo ẹja jẹ́ 40 × 50 ÷ 7, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 286. Ẹ má fi yíǹkì sàmì sí ẹ̀wà dípò èyí, nítorí yóò ran àwọn yòókù lára. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀: bí epìyà tí àwọ̀n ti mú lẹ́ẹ̀kan bá kọ́ láti máa sá fún àwọ̀n, ṣé iye tí a ṣírò á pọ̀ jù ni àbí á kéré jù? Á pọ̀ jù, torí pé 7 yẹn á dín kù.

Jíìnì àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ fi ẹ̀wà pupa ṣe S (jíìnì àrùn náà), funfun ṣe A (jíìnì tí kò ní àrùn), kí S jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí wọ́n sì máa fa méjì méjì. Ìṣirò Hardy àti Weinberg ti 1908 sọ pé ká retí AA 81, AS 18, SS 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá ń yọ gbogbo SS kúrò ní ìran kọ̀ọ̀kan, S á lọ láti 0.1 sí 0.091, lẹ́yìn náà 0.083, ìran mẹ́wàá ni yóò sì gbà kó tó dé ìdajì. Kí wọ́n wá sọ ìdí tí S kò fi tán ní ilẹ̀ wa. Ìdáhùn náà wà lọ́dọ̀ ibà: ní 1954 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Anthony Allison ti fi hàn pé AS ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ibà dé àyè kan.

Ìkìlọ̀ tí kò gbọdọ̀ fò yín: ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan nínú kíláàsì bóyá AS tàbí SS ni òun, ẹ má sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀wà nìkan ni kí wọ́n kà.

## Ìdánwò

Bí ìdánwò bá ṣì ń béèrè pé «kí ni ìtumọ̀ iye tí àyè lè gbà?», wọ́n á fi dáìsì sílẹ̀, wọ́n á padà sí àkọ́sórí, wọn kò sì ní í jẹ̀bi. Ẹ fi ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì sí irú ìbéèrè báyìí:

- Gíráàfù iye epìyà nínú adágún kan nìyí fún oṣù méjìlá. Níbo ni r ti hàn, níbo ni K ti hàn? Fi ọwọ́ tọ́ka sí i, kó o sì sọ ìdí.
- Àgbẹ̀ kan ní Sábẹ̀ kó ìdajì ewéko orí adágún rẹ̀ kúrò nígbà tó kún bámúbámú. Lo fọ́múlà láti sọ bóyá ewéko náà á bí sí i kíákíá ju bó ṣe ń bí tẹ́lẹ̀ lọ.
- Sọ ohun kan tí fọ́múlà rẹ kò kà mọ́ ọn nínú ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ yìí, kó o sì sọ ọ̀nà tó máa gbà yí ìdáhùn rẹ padà.

Fún ìbéèrè kejì, ìdáhùn ni bẹ́ẹ̀ ni: N(1 − N/K) ga jù nígbà tí N bá jẹ́ ìdajì K. Ẹ fún ẹni tó ṣírò rẹ̀ ní máàkì, ẹ fún ẹni tó fi gíráàfù lẹ́tà S ṣàlàyé rẹ̀ ní máàkì kan náà, kí ẹ sì sọ èyí fún wọn kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.